Iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn ojú ìrán tó ń mú kí ọnà yọ lára aṣọ

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, ìdí rèé tá a fi kó wọn jọ síbì kan. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó gba sùúrù ló wà lẹ́yìn. Ojú ìrán ni oríṣi ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń gbà rán òwú mọ́ aṣọ, ìyẹn stitch. A ò yí orúkọ tí wọ́n ń pe ojú ìrán kọ̀ọ̀kan káàkiri ayé padà, kí ẹ lè tètè rí àwòrán rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti wá a.

Kí ni mo nílò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Abẹ́rẹ́, òwú, aṣọ, àlùmọ́gàjí kékeré tó mú dáadáa, àti hoop, ìyẹn òrùka igi tàbí ti ike méjì tó ń wọnú ara wọn láti na aṣọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ tí wọ́n fi òwú tàbí ọ̀gbọ̀ hun, tí kì í nà, tí kò sì fẹ́lẹ́ jù, ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó rán ohunkóhun sí i. Aṣọ tó bá fún lẹ́yìn tí ọnà ti wà lára rẹ̀ á ká ọnà náà jọ, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

Òwú wo ló yẹ kí n lò?

Òwú oní-fọ́nrán mẹ́fà ló gbajúmọ̀ jù. Ìdì kan rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mítà 8. Àwọn fọ́nrán náà ṣeé yà sọ́tọ̀, torí náà ẹ lè lo ẹyọ kan fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, tàbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ bá fẹ́ kí ọnà ga. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò níbẹ̀: tí ẹ bá ti gé òwú, ẹ fa fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó wá kó iye tí ẹ fẹ́ lò jọ. Wọ́n á tẹ́jú lórí aṣọ, wọn ò sì ní máa lọ́ mọ́ra.

Òwú perle yàtọ̀. Wọ́n ti lọ́ òun pọ̀, kò ṣeé pín, ó sì ń dán. Nọ́ńbà 3, 5, 8 àti 12 ló wọ́pọ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òwú ń tín-ín-rín sí i. Tó bá jẹ́ ọnà tí ọwọ́ á mọ̀ tó bá kàn án lẹ ń wá, perle 5 tàbí 8 ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ojú ìrán kan náà tó dùbúlẹ̀ nígbà tí ẹ fi fọ́nrán méjì rán an á dìde tí ẹ bá fi perle rán an.

Báwo ni òwú inú abẹ́rẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ á máa takókó, á sì ti gbó kó tó tán nítorí iye ìgbà tó gba inú aṣọ kọjá. Tí òwú bá ń lọ́ mọ́ra lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dojú aṣọ délẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rọ̀ sísàlẹ̀. Á yí, á yí, títí òwú á fi tú ara rẹ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ tí mò ń fi rán bọ́tìnnì ò tó?

Á ṣe é, ṣùgbọ́n á ni yín lára. Ojú abẹ́rẹ́ ọnà gùn ju tirẹ̀ lọ kí fọ́nrán bíi mélòó kan lè wọ̀ ọ́ láìjà. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà abẹ́rẹ́ bá ṣe tóbi tó ni abẹ́rẹ́ náà ṣe kéré tó. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni láti la ọ̀nà tó fẹ̀ tó fún òwú. Tí ẹ bá ń fi agídí fa òwú kọjá, abẹ́rẹ́ yẹn ti kéré jù, á sì máa họ òwú yín.

Oríṣi méjì míì tún wúlò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kú, tí wọ́n ń pè ní tapestry needle, dára fún gbogbo ojú ìrán tó jẹ́ pé orí aṣọ lẹ ti ń hun òwú, torí kò ní gún òwú tó ti wà nílẹ̀. Milliner's needle ní tiẹ̀ kò sanra níbi ojú ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ bá wé mọ́ ọn á yọ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dára fún àwọn ojú ìrán oníkókó.

Báwo ni mo ṣe máa gbé àwòrán sórí aṣọ?

Tí aṣọ bá funfun tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ò ki, ẹ lẹ àwòrán mọ́ gíláàsì fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ wá fi pẹ́ńsùlù tó mú tọ ìlà rẹ̀. Fún aṣọ dúdú, ìwé kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí omi sì ń yọ́. Ẹ ó rán ọnà gba orí rẹ̀, tí ẹ bá parí ẹ ó fi omi ṣàn án dànù.

Ẹ ṣọ́ra fún bírò tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Èyí tí omi ń pa rẹ́ ò gbọ́dọ̀ rí áyọ́ọ̀nù kó tó rí omi, torí ooru lè mú kí àmì náà wọ aṣọ pátápátá. Èyí tí ooru ń pa rẹ́ sì lè padà hàn nígbà tí òtútù bá mú un. Àjákù aṣọ kan náà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ṣé dandan ni kí n lo hoop?

Fún satin stitch (òwú gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti bo ojú ibì kan), French knot (kókó kékeré tí wọ́n fi òwú tí wọ́n wé mọ́ abẹ́rẹ́ ṣe) àti ohunkóhun tí ẹ máa tẹ́ sórí aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni. Fún running stitch (abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde ní ìlà kan) àti chain stitch (ojóbó tó so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n), àwọn kan ń di aṣọ mú lọ́wọ́ ni, iṣẹ́ wọn sì ń dára. Tí ẹ bá lò ó, kí aṣọ le bí awọ ìlù, kí ìlà híhun rẹ̀ sì tọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nígbàkigbà tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá ń yọ̀, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ òwú wé òrùka ti inú, á di aṣọ mú dáadáa.

Ojú ìrán mélòó ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Márùn-ún ti tó láti fi ṣe iṣẹ́ tó jọni lójú: running stitch, stem stitch (ìlà tó rí bí okùn), chain stitch, satin stitch àti French knot. Àwọn yòókù tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ẹ̀ka ara àwọn yìí. Ẹni tó mọ chain stitch dénú lè fi wákàtí kan kọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó ń sáré ti ogójì ojú ìrán pọ̀ kì í sábà ní ọ̀kan tó tẹ́jú nínú wọn.

Kí ló ń mú kí ojú ìrán kan dán, kí òmíràn rí hagahaga, kí òmíràn tún yọ sókè?

Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni. Òwú tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí satin stitch fi ń dán. Òwú tó ká sí kókó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì ń ní òjìji kékeré lábẹ́, ìdí nìyẹn tí French knot tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti satin stitch ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an fi máa ń dà bíi pé ó dúdú díẹ̀ jù ú lọ.

Nǹkan mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ yín láti fi yí i: bí òwú ṣe nípọn tó, bí ẹ ṣe fà á tó, apá ibi tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí, àti bóyá òwú dùbúlẹ̀, ó ká, tàbí ó dìde. Kí ẹ tó yan ojú ìrán, ẹ bi ara yín pé báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣe níbẹ̀. Èpo igi ń fẹ́ òjìji, ojú omi ń fẹ́ dídán. Ìbéèrè yìí ló ń yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn èèyàn rò pé àwọ̀ òwú ló máa yanjú ẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi òwú kan náà rán ewé méjì ní satin stitch, kí ti àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ní ìbú, kí ti èkejì dagun. Ẹ ó rí àwọ̀ ewé méjì.

Running stitch ò ha kéré jù láti fi ṣe ọnà?

Kò kéré rárá. Sashiko ti ilẹ̀ Japan, running stitch ni: òwú funfun lórí aṣọ aláró, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti mú aṣọ lágbára àti láti lẹ ibi tó ya. Kantha ti àwọn ará Bengal, running stitch náà ni. Wọ́n ń to aṣọ àtijọ́ léra, wọ́n á wá rán ìlà tó súnmọ́ra la gbogbo rẹ̀ kọjá títí aṣọ á fi máa hunjọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìhunjọ yẹn gan-an ni ọnà rẹ̀.

Ohun tó ń ba running stitch jẹ́ ni àìdọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan gùn bákan náà, kí àlàfo àárín wọn sì jọra, kí ẹ tó ronú kan òmíràn.

Kí ló dé tí stem stitch mi kì í rí bí okùn?

Òwú yín ń fo ìlà. Nínú stem stitch, òwú gbọ́dọ̀ wà ní apá kan náà abẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá wà nísàlẹ̀ báyìí, tó tún bọ́ sókè lẹ́yìn náà, okùn yẹn já nìyẹn. Níbi tí ìlà bá ti yí po, ẹ dín gígùn ojú ìrán kù.

Kí ni mo lè fi chain stitch ṣe yàtọ̀ sí ìlà?

Ó pọ̀ gan-an. Ojóbó kan ló bí gbogbo wọn: abẹ́rẹ́ jáde, ó padà bọ ihò kan náà, ó tún jáde níwájú díẹ̀ nígbà tí òwú wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá dá ojóbó kan dúró, tí ẹ sì fi ojú ìrán kékeré kan de orí rẹ̀, ẹ ti rí petal, ìyẹn ewé òdòdó kan, wọ́n ń pe ìyẹn ní lazy daisy. Tí ẹ bá la ẹsẹ̀ ojóbó náà sílẹ̀, fly stitch ni. Ẹ to fly stitch léra lọ́tùn-ún lósì, ó di feather stitch, tó dára gidi fún koríko àti ewé inú omi.

Tí ẹ bá rán ìlà chain stitch pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ lè fi kún ojú ibi tó fẹ̀, ìlà wọn á sì máa darí ojú ẹni tó ń wò ó. Ẹ rán gbogbo ìlà sí ọ̀nà kan náà tí ẹ bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ jọra. Ẹ yí ọ̀kan padà sí ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ kó rí bí aṣọ híhun. Ẹ tún lè fi òwú àwọ̀ mìíràn wé ìlà chain stitch láìgún aṣọ. Á ga, á sì rí bí okùn aláwọ̀ méjì.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀, òun ni fífa ojóbó jù. Ojóbó tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ní òjìji nínú. Ẹ dá ọwọ́ dúró nígbà tí òwú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹnu abẹ́rẹ́.

Satin stitch mi kì í tẹ́jú, etí rẹ̀ sì máa ń rí págunpàgun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fi back stitch tàbí split stitch, ìyẹn ojú ìrán méjì tó ń ṣe ìlà tí kò ní àlàfo, rán yí àwòrán náà ká, kí satin stitch wá bo ìlà yẹn mọ́lẹ̀. Etí á mọ́, á sì ga díẹ̀. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe igun: ẹ rán ìdajì kan tán kí ẹ tó padà wá rán ìdajì kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òwú á máa dagun díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Tí ibi tí ẹ fẹ́ bò bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, satin stitch ò tún bá a mu mọ́, òwú á máa há mọ́ nǹkan. Ẹ pín in sí méjì, tàbí kí ẹ lo long and short stitch, ìyẹn òwú gígùn àti kúkúrú tó ń wọnú ara wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó wú, ẹ tẹ́ ojú ìrán sábẹ́ ní òdìkejì apá tí ti òkè máa kọjú sí.

French knot mi máa ń bọ́ sẹ́yìn aṣọ tàbí kó tú. Kí ló fà á?

Ẹ ń padà sínú ihò tí òwú ti jáde. Ẹ gún aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí fọ́nrán aṣọ kan tàbí méjì wà láàárín ihò méjèèjì. Ohun kejì ni pé ẹ fi òwú sílẹ̀ tètè jù. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa òwú títí ohun tí ẹ wé fi jókòó gẹ́rẹ́ sórí aṣọ, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán.

Tí ẹ bá fẹ́ kókó ńlá, ẹ fi fọ́nrán kún òwú, ẹ má fi wíwé kún un. Èyí tí ẹ bá wé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ sábà máa ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bullion knot, ìyẹn kókó gígùn, ńkọ́? Gbogbo ìgbà ló ń bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Milliner's needle ni kí ẹ lò, ìyẹn nìkan ti gba ìdajì ìṣòro náà. Ẹ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ títí ohun tí ẹ wé á fi gùn tó àlàfo tó wà láàárín ihò méjèèjì. Tó bá gùn jù ú lọ, bullion á tẹ̀ bí ọrun. Tó bá jẹ́ petal rósì lẹ ń ṣe, títẹ̀ yẹn gan-an lẹ ń wá. Ẹ má wé e fún jù. Ẹ fi ìka di ohun tí ẹ wé mú, ẹ fa abẹ́rẹ́ kọjá díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ra á kó tẹ́jú. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń wé e náà ṣe pàtàkì: tí wíwé bá ń tú òwú sílẹ̀, ẹ wé e sí òdìkejì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe òdòdó tó yọ sókè pátápátá?

Woven wheel ló rọrùn jù. Ẹ rán ẹsẹ̀ márùn-ún láti àárín síta, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú hun òwú yí i ká: lórí ọ̀kan, lábẹ́ ọ̀kan. Márùn-ún tàbí méje ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà, torí tí ẹsẹ̀ bá pín sí méjì dọ́gba, orí àwọn ẹsẹ̀ kan náà ni òwú á máa gbà ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, kò sì ní di híhun. Ẹ fà á ṣinṣin láàárín, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń sún síta.

Woven picot ló máa ń dá dúró kúrò lára aṣọ, bí ewé tí atẹ́gùn lè gbé. Píìnì lẹ ó gún sára aṣọ, ẹ ó na òwú mẹ́ta láti orí rẹ̀, ẹ ó hun ún láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ tó wá yọ píìnì náà.

Ṣé mo lè rí ọnà tó ní irun bíi ti ẹranko?

Turkey work lẹ ń wá. Ẹ ó rán ojóbó kan tó dúró sókè, ẹ ó fi ojú ìrán kékeré tó fún dè é, ẹ ó tún ṣe òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìlà tó súnmọ́ra gan-an. Tó bá kún, ẹ ó gé orí àwọn ojóbó náà, ẹ ó sì gé e dọ́gba. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa gòkè, kí irun má bàa bo ìlà tí ẹ ń rán.

Òwú tó nípọn tó fi jẹ́ pé kò lè gba inú aṣọ kọjá ńkọ́?

Ẹ má fipá gbà á kọjá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín dè é mọ́lẹ̀ ní àlàfo tó dọ́gba. Couching nìyẹn. Òwú wúrà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó, torí irin tó wé e lára á bó tó bá ń gba inú aṣọ kọjá lemọ́lemọ́.

Iṣẹ́ Bayeux ti ilẹ̀ Faransé, ìyẹn aṣọ gígùn kan tí wọ́n fi ọnà abẹ́rẹ́ sọ ìtàn ogun sí, tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá tó sì gùn tó nǹkan bíi mítà 70, irú rẹ̀ ni wọ́n fi kún ara èèyàn àti ẹṣin inú rẹ̀: òwú irun àgùntàn tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ ọ̀gbọ̀, tí wọ́n wá dè mọ́lẹ̀. Stem stitch ni wọ́n fi rán ìlà rẹ̀. Ẹ wo bí ìṣe méjì péré ṣe gbé odindi ìtàn ogun kan.

Ṣé ọnà lè hàn tí òwú àti aṣọ bá jẹ́ àwọ̀ kan náà?

Ó lè hàn, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè kọ́ nípa òjìji tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ireland, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú Mountmellick di olókìkí nítorí òwú funfun tí wọ́n ń fi ṣe ọnà sórí aṣọ funfun. Kókó, ojóbó àti satin stitch tí wọ́n tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ló ń yà èso kúrò lára ewé. Ìmọ̀ràn mi fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ìgbà díẹ̀ ni pé kó ṣe iṣẹ́ kan ní funfun lórí funfun.

Tí iṣẹ́ kan bá ní oríṣiríṣi ojú ìrán, èwo ni kó ṣáájú?

Èyí tó tẹ́jú ló ń ṣáájú, èyí tó ga ló ń gbẹ̀yìn. Hoop lè tẹ kókó àti òdòdó pa tó bá gorí wọn, torí náà ẹ lo hoop tó tóbi ju àwòrán lọ tàbí kí ẹ fi gbogbo ohun tó yọ sókè sí ìparí.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ pẹ̀lú. Kókó tó wà níbi gbogbo kì í tún jẹ́ kókó lójú ẹni tó ń wò ó. Fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó tẹ́jú, tàbí ibi tí aṣọ ti wà lásán, ibẹ̀ ló ti máa hàn.

Kí ló dé tí aṣọ mi fi ń hunjọ lẹ́yìn tí mo bá yọ hoop?

Òwú ni ẹ fà jù, tàbí kó jẹ́ pé aṣọ dẹ̀ nínú hoop nígbà tí ẹ ń rán an. Ó tún lè jẹ́ pé òwú ń fo ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn aṣọ láti ibì kan sí òmíràn. Tí ibi tó kàn bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ẹ pa òwú dé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Aṣọ tó ń nà, bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì, nílò ìwé tàbí aṣọ tó le lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má bàa fa ara rẹ̀.

Ẹ̀yìn iṣẹ́ mi rí wúruwùru. Ṣé ó burú?

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ máa fi sínú férémù, kò sóhun tó ṣe é, àyàfi tí òwú dúdú bá ń hàn gba inú aṣọ funfun. Tó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ tí wọ́n sì máa fọ̀, kókó ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ á máa họ ara, òwú tó gùn á sì máa há mọ́ ìka. Ẹ má ta kókó: ẹ ki òpin òwú gba abẹ́ ojú ìrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà lẹ́yìn, kí ẹ tó gé e.

Tí ẹ bá ń fi fọ́nrán méjì ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan tún wà láti bẹ̀rẹ̀ láìta kókó. Ẹ mú fọ́nrán kan tó gùn ní ìlọ́po méjì, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ fi etí méjèèjì bọ ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹ bá gún aṣọ, tí ẹ sì padà, ẹ gba inú ojóbó tó wà lẹ́yìn kọjá. Ó ti dì mú nìyẹn.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo àwòrán ìkọ́ni sì jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ gbé àwòrán náà síwájú dígí, tàbí kí ẹ fi fóònù yí i padà bí ẹni pé inú dígí lẹ ti ń wò ó. Ìlà tí ẹlòmíràn ń rán láti òsì lọ sí ọ̀tún, láti ọ̀tún lẹ ó ti rán tiyín. Ìyípadà yìí kan wíwé òwú náà, ní pàtàkì fún bullion knot.

Báwo ni mo ṣe máa fọ iṣẹ́ tó ti parí, tí mo sì máa lọ̀ ọ́ láìba ohun tó yọ sókè jẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ òwú ń jáde. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ òwú pupa àti èyí tó dúdú jù nínú iṣẹ́ náà. Tí aṣọ funfun bá mú àwọ̀, ẹ má rẹ iṣẹ́ náà sómi. Tí kò bá mú un, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ti tó. Ẹ má fún un. Ẹ ká a sínú táwẹ̀lì kí omi fà, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ.

Tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì tó nípọn sílẹ̀, ẹ dojú ọnà dé e, kí ẹ wá ti ẹ̀yìn lọ̀ ọ́. Kókó á rì sínú táwẹ̀lì dípò kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Woven picot àti turkey work ò gbọ́dọ̀ rí áyọ́ọ̀nù rárá. Ẹ fi ìka tò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣì tutù, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn ṣe ìyókù.